Kẹ́ Ẹ Tó Kúrò ní Okaishie, Ẹ Wọn Ẹrù Yín

Tí ilẹ̀ bá ti mọ́ báyìí ni ọjà Okaishie, tó wà ní àárín ìlú Accra lórílẹ̀-èdè Ghana, ti máa ń kún. Kò jìnnà sí ọjà Makola rárá. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ti ń ra oògùn òyìnbó, ìpara, ọṣẹ, ohun mímu àti oríṣiríṣi ọjà inú páálí lọ́pọ̀, kí wọ́n tó lọ máa tà á lẹ́yọ lẹ́yọ níbòmíì. Láàárín èrò àti ọkọ̀, ẹ máa rí àwọn ọmọbìnrin tó gbé abọ́ irin ńlá sórí, tí wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa bá ru ẹrù. Kayayei ni wọ́n ń pè wọ́n, apá àríwá Ghana sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. “Kaya” ni àwọn Haúsá ń pe ẹrù, apá kejì orúkọ náà sì túmọ̀ sí obìnrin lédè Ga. Kí wọ́n tó gbé ẹrù yín, wọ́n á kọ́kọ́ fojú wọ̀n ọ́n. Bó bá wúwo jù, owó rẹ̀ á lé.

Ohun tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ń ṣe náà nìyẹn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ lè bá kayayoo dúnàádúrà, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń bá síkéèlì pápákọ̀ òfurufú dúnàádúrà.

Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ló ní ẹbí ní Accra tàbí tó ń lọ rajà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wọkọ̀ òfurufú ní Accra, kò ní ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ tẹ́ ẹ fi máa dé Èkó. Àmọ́ bí ìrìn àjò náà ṣe kúrú tó yẹn, owó ẹrù lè kó gbogbo èrè tẹ́ ẹ rò pé ẹ jẹ lọ, tàbí kó jẹ owó ilé ìwé ọmọ tẹ́ ẹ ti ya sọ́tọ̀. Kí lẹ lè ṣe tírú ẹ̀ ò fi ní ṣẹlẹ̀ sí yín?

Ọ̀rọ̀ ẹrù ò ṣàjèjì sí wa

Ó ti pẹ́ tí àwọn Yorùbá ti ń ṣòwò ní Ghana. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìlọrin ni ọ̀pọ̀ wọn ti lọ. Àdúgbò kan wà ní Accra tí wọ́n ń pè ní New Town lónìí. Lagos Town ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Kódà, ọṣẹ dúdú tí àwọn ìyá wa ń sè, “alata samina” ni wọ́n ń pè é lédè Twi, ìyẹn ọṣẹ àwọn Alata, orúkọ tí wọ́n mọ àwọn èèyàn wa sí lọ́hùn-ún.

Ní November 18, 1969, ìjọba Kofi Abrefa Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò níwèé àṣẹ ìgbélùú wá a gbà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n fi Ghana sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn Yorùbá tó ti ń gbé níbẹ̀ láti ìgbà àwọn bàbá wọn ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Àwọn kan ta ọjà inú ṣọ́ọ̀bù wọn ní owó tí kò tó nǹkan. Àwọn míì fi ilé, ẹ̀rọ ìránṣọ àtàwọn tó jẹ wọ́n lówó sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìdílé kọ̀ọ̀kan ní láti pinnu ohun tó máa bá wọn lọ àtohun tí wọ́n máa fi sílẹ̀.

Nígbà tó di January 1983, ó kan Nàìjíríà. Ìjọba Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé àṣẹ máa lọ sílé. Ará Ghana ló pọ̀ jù lára àwọn tó lọ. Báàgì aláwọ̀ bátabàta tí ọ̀pọ̀ wọn kó ẹrù sí nígbà yẹn la wá ń pè ní “Ghana Must Go” títí dòní.

Kò sẹ́ni tó ń lé wa lónìí o, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àmọ́ ìbéèrè tí àwọn òbí wa bi ara wọn nígbà yẹn wúlò fún ẹnikẹ́ni tó bá ń di ẹrù: Nínú gbogbo nǹkan yìí, èwo ni mi ò lè ṣe aláìní?

Kí nìdí tí wọ́n fi ń gba owó ẹrù?

Bí ọkọ̀ òfurufú bá ṣe wúwo tó ló ṣe máa ń jẹ epo tó. Yàtọ̀ síyẹn, èèyàn bíi tiwa ló ń fọwọ́ gbé ẹrù sínú ọkọ̀ náà. Torí kí ẹ̀yìn wọn má bàa dá, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kì í gba ẹrù kan ṣoṣo tó bá ju kílò 32 lọ, kódà bẹ́ ẹ bá fẹ́ sanwó. Kílò 23 ló sì wọ́pọ̀ jù pé kí ẹrù kan wọ̀n.

Nígbà kan, ọ̀fẹ́ ni ẹrù àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ níbi tó pọ̀ jù. Àmọ́ lọ́dún 2008, nígbà tí owó epo lọ sókè gan-an, iléeṣẹ́ American Airlines bẹ̀rẹ̀ sí í gba dọ́là 15 lórí ẹrù àkọ́kọ́ nínú ìrìn àjò abẹ́lé ní Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ tí àwọn míì fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, owó ẹrù ti di ọ̀nà pàtàkì tí àwọn iléeṣẹ́ yìí fi ń pawó. Torí náà, ẹ má retí pé ẹni tó wà ní kàúńtà máa ṣàánú yín. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ló ń ṣe.

Ẹ ka tíkẹ́ẹ̀tì yín dáadáa

Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé iye owó àti aago tí ọkọ̀ máa gbéra nìkan ni wọ́n máa ń wò lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹrù sí. Bẹ́ ẹ bá rí “1PC” tàbí “2PC,” iye ẹrù ni wọ́n ń kà: ẹyọ kan tàbí méjì, tí ìkọ̀ọ̀kan sì ní ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Bẹ́ ẹ bá rí “20K” tàbí “30K,” àpapọ̀ kílò ni wọ́n ń wò. Ẹni tí wọ́n fún ní ẹyọ kan, tó wá gbé báàgì kéékèèké méjì dání, máa sanwó lórí ìkejì bí àpapọ̀ wọn ò bá tiẹ̀ ju kílò 15 lọ. Ohun tó máa dáa jù fún un ni pé kó kó méjèèjì sínú báàgì kan.

Ibòmíì tí àwọn èèyàn ti máa ń kó sí wàhálà ni kí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ká ní mọ̀lẹ́bí yín kan ń bọ̀ láti London wá sí Èkó pẹ̀lú ẹrù méjì tó jẹ́ kílò 23 ìkọ̀ọ̀kan, ó wá ra tíkẹ́ẹ̀tì míì láti Èkó lọ sí Accra kó lè lọ síbi ìgbéyàwó. Tíkẹ́ẹ̀tì kejì yìí ò mọ ohun tí àkọ́kọ́ gbà á láyè láti gbé. Bí wọ́n bá gbà á láyè láti gbé ẹrù kan ṣoṣo, á sanwó ìkejì ní Èkó. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fi ìrìn àjò méjèèjì sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan. Bí kò bá ṣeé ṣe, á dáa kí ẹrù kan dúró lọ́dọ̀ ẹbí ní Èkó títí tí onítọ̀hún fi máa pa dà.

Ẹ tún wo ìwọ̀n báàgì tẹ́ ẹ máa gbé wọnú ọkọ̀. Àwọn kan fàyè gba kílò 7, àwọn míì kílò 8 tàbí 10. Àwọn kan máa ń wọ̀n ọ́n, àwọn míì sì máa ń tì í bọnú férémù irin kan láti mọ̀ bóyá ó tóbi jù.

Ẹ ṣírò kílò kẹ́ ẹ tó ṣírò èrè

Ó rọrùn kí ojú èèyàn wọ nǹkan ní Okaishie torí pé owó osùnwọ̀n ni wọ́n ń tà á. Àmọ́ kì í ṣe iye tẹ́ ẹ rà á níbẹ̀ ni iye tó máa jẹ́ nígbà tó bá délé. Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan.

Ká ní ìyá kan rí ìpara tó dáa, páálí kan, ìgò 12 ló wà nínú rẹ̀, ìgò kọ̀ọ̀kan sì gba mìlílítà 400. Lítà kan omi máa ń wọn kílò kan, ìpara ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí omi. Torí náà, páálí yẹn á tó kílò 5. Ká ní ìgò kan fi náírà 500 dín sí iye tí wọ́n ń tà á ní Èkó. Èrè orí rẹ̀ jẹ́ náírà 6,000. Àmọ́ bí ẹrù ìyá yìí bá ti kún, tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú sì ń gba náírà 3,000 lórí kílò kọ̀ọ̀kan tó lé, náírà 15,000 ló máa san. Ó ti pàdánù náírà 9,000 kó tó délé. A kàn fi iye yẹn ṣàpẹẹrẹ ni o. Ẹ fi iye tó wà lójú ọjà àtèyí tí iléeṣẹ́ tẹ́ ẹ máa wọkọ̀ wọn sọ rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí ìṣirò yìí ń kọ́ wa ni pé ohun olómi, ohun inú agolo àti ohun inú ìgò kì í sábà yẹ fún ọkọ̀ òfurufú. Ohun tó fúyẹ́ tó sì níyì ló yẹ ká gbé. Aṣọ àǹkárá ọ̀pá mẹ́fà kì í sábà wọ̀n ju nǹkan bíi kílò kan lọ. Ṣokoléètì tí wọ́n fi kòkó Ghana ṣe ní Tema fúyẹ́, gbogbo ilé ló sì máa jẹ nínú ẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe lè di ẹrù tó fúyẹ́

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí báàgì fúnra rẹ̀. Àpótí líle onítáyà lè wọn kílò 4 tàbí 5 lófìfo. Ìyẹn ni pé nínú kílò 23 tí wọ́n fún yín, bí ìdá márùn-ún ti lọ kẹ́ ẹ tó fi ẹyọ aṣọ kan sínú ẹ̀. Báàgì aláṣọ tó lágbára fúyẹ́ jùyẹn lọ dáadáa. “Ghana Must Go” ló fúyẹ́ jù, àmọ́ síìpù rẹ̀ kì í pẹ́ já, kì í sì í ṣe gbogbo iléeṣẹ́ ló ń gbà á bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ béèrè ṣáájú, kẹ́ ẹ sì fi okùn dì í dáadáa.

Ẹ kó gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ gbé sórí bẹ́ẹ̀dì kẹ́ ẹ tó di ẹyọ kan. Bí wọ́n bá wà nínú báàgì, ẹ ò ní mọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Ẹ wá mú ohun tẹ́ ẹ lè rí lò níbi tẹ́ ẹ̀ ń lọ kúrò. Ó dájú pé áyọ́ọ̀nù, táwẹ́ẹ̀lì àti ọṣẹ wà nílé ẹbí tẹ́ ẹ máa dé sí.

Ẹ yan aṣọ tó bára wọn mu. Ṣòkòtò méjì àti ẹ̀wù mẹ́rin tó bára mu lè di ìmúra mẹ́jọ. Tó bá jẹ́ òde lẹ̀ ń lọ, ẹ béèrè bóyá aṣọ ẹbí ti wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, gèlè kan tó bá aṣọ méjì mu sàn ju gèlè méjì lọ. Ní ti bàtà, méjì ti tó: èyí tó wà lẹ́sẹ̀ àtèyí tó wà nínú báàgì. Èyí tó wúwo jù ni kẹ́ ẹ wọ̀, kẹ́ ẹ sì ki ìbọ̀sẹ̀ sínú èyí tẹ́ ẹ dì.

Ẹ yọ ọjà kúrò nínú páálí tó bá jẹ́ pé ẹ̀bùn ni. Ẹ ká aṣọ róbótó dípò kẹ́ ẹ ṣẹ́ ẹ. Òótọ́ ni pé kíká ò ní kó fúyẹ́, àmọ́ á jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ gba inú báàgì kan.

Ẹ má gbàgbé òfin ohun olómi. Ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfurufú, ohun olómi tó wà nínú báàgì àfọwọ́gbé kò gbọ́dọ̀ ju mìlílítà 100 lọ nínú ìgò kan. Wọ́n ka òrí, ìpara àti shito, ìyẹn ata díndín àwọn ará Ghana, mọ́ ohun olómi. Tẹ́ ẹ bá gbé shito ńlá lọ́wọ́, ibẹ̀ lẹ máa fi í sílẹ̀ sí. Inú ẹrù ńlá ni kẹ́ ẹ fi í sí, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀rá méjì wé e. Òdì kejì ni ti páwà báǹkì. Kò gbọ́dọ̀ wọnú ẹrù ńlá rárá torí iná. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ mú un sí. Èyí tó jẹ́ 20,000 mAh kì í sábà kọjá 100 Wh tí wọ́n fàyè gbà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ̀n ọ́n. Síkéèlì kékeré tí wọ́n fi ń gbé báàgì kọ́ ò wọ́n. Bẹ́ ẹ ò bá ní in, ẹ gun síkéèlì tí wọ́n fi ń wọn èèyàn, kẹ́ ẹ wo iye rẹ̀, kẹ́ ẹ tún wá gbé báàgì náà dání gùn ún. Ẹ yọ iye àkọ́kọ́ kúrò nínú ìkejì. Ẹ jẹ́ kó ṣẹ́ kù kílò kan tàbí méjì sí ohun tí wọ́n fún yín, torí síkéèlì ilé àti ti pápákọ̀ lè má bára mu.

Ẹrù tí wọ́n ní ká bá àwọn gbé ńkọ́?

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń le jù nìyí. Gbàrà tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ẹ̀ ń lọ sílé, fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í dún. “Ẹ bá mi gbé nǹkan kékeré yìí fún màámi.” Nǹkan kékeré ti ẹni mẹ́fà ti di àpótí kan. Ìtìjú ò sì ní jẹ́ ká sọ pé rárá, pàápàá bó bá jẹ́ àgbà ló bẹ̀ wá. Síbẹ̀, àwọn àgbà náà ló sọ pé ẹni tó ru ẹran erin lórí kì í fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ lè fọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀ láìpurọ́. Ẹ lè sọ pé: “Ẹ ṣeun mà, Àǹtí. Kílò méjì péré ló kù nínú ẹrù mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú ẹ̀, màá bá yín gbé e.” Ẹni tó bá fẹ́ràn yín á lóye. Bẹ́ ẹ bá ti tètè sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kò ní dà bíi pé ẹ ń lé e. Ẹ tún lè ní kí onítọ̀hún fi owó ránṣẹ́ sí màmá rẹ̀ kí wọ́n fi ra ohun náà nílé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyẹn gan-an ni inú Màmá máa dùn sí jù.

Ọ̀rọ̀ oògùn ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Oògùn pọ̀ ní Okaishie, ó sì lè máa ṣe ẹnì kan bíi pé kó ní kẹ́ ẹ bá òun mú páálí kan dé Èkó. Ẹ má ṣe é. Láti ọdún 2018 ni ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó oògùn ikọ́ tó ní codeine wọ̀lú, àwọn oògùn míì sì wà tí ẹ̀ṣọ́ NDLEA máa fẹ́ mọ bẹ́ ẹ ṣe rí i. Wọ́n lè bi yín ní pápákọ̀ pé: “Ṣé ẹ̀yin lẹ di ẹrù yìí fúnra yín?” Ẹ rí i dájú pé bẹ́ẹ̀ ni lẹ lè dáhùn láìgbọ̀n. Ohun tẹ́ ẹ ò bá tú wò, ẹ má gbé e. Oògùn tí ẹ̀yin fúnra yín ń lò ní kẹ́ ẹ mú sọ́wọ́, kó wà nínú ike rẹ̀, kí ìwé dókítà sì wà pẹ̀lú ẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá kó àwọn ọmọ dání

Ọmọ tó bá ti ní ìjókòó tiẹ̀ sábà máa ń ní ẹ̀tọ́ sí ẹrù bíi ti àgbà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì tó máa jókòó lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀ lè má ní ju díẹ̀ lọ, àmọ́ ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló máa ń gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá sì jẹ́ àpapọ̀ kílò ni wọ́n ń wò, tí tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo ìdílé wà pa pọ̀, ẹ béèrè bóyá wọ́n á da ìwọ̀n yín pọ̀. Bàbá tó ní kílò 15 lè tipa bẹ́ẹ̀ gbé ohun tó lé nínú ẹrù ìyá.

Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó lè gbé báàgì ní báàgì kékeré kan, kẹ́ ẹ ní kó yan ohun ìṣeré kan àti ìwé kan tó máa bá a lọ. Ẹkún lè wà lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ọmọ tó bá kọ́ láti kékeré pé kì í ṣe gbogbo nǹkan la lè gbé á jàǹfààní ẹ̀ tó bá dàgbà.

Bẹ́rù bá ṣì pọ̀ jù

Bẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹrù máa lé, ẹ sanwó rẹ̀ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ní ọ́fíìsì iléeṣẹ́ náà. Ó sábà máa ń dín sí èyí tẹ́ ẹ máa san ní kàúńtà. Tó bá sì jẹ́ ọjà títà ni, ẹ jẹ́ kó gba ojú títì. Láti Accra, ọkọ̀ máa ń gba Aflao, Lomé, Cotonou àti Sèmè kó tó dé Èkó. Ó máa ń pẹ́, ibodè sì pọ̀ lójú ọ̀nà, àmọ́ ibẹ̀ ni páálí àti agolo yẹ sí. Ẹ gba rìsíìtì ọjà yín, kẹ́ ẹ sì wádìí ohun tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù máa gbà, torí ọjà títà ò rí bíi ti ẹrù ara ẹni.

Ẹ tún ká báàgì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sínú ẹrù yín. Bí síkéèlì bá sọ pé ẹ ti kọjá iye, ẹ má bá ẹni tó wà níbẹ̀ jà. Ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ṣí báàgì, ẹ kó díẹ̀ fún ẹni tí tiẹ̀ ò tíì kún nínú ìdílé yín, kẹ́ ẹ sì wọ kóòtù tó bá wúwo sọ́rùn. Ẹni tó bá wá sìn yín dé pápákọ̀ lè dúró títí tẹ́ ẹ fi máa wọn ẹrù tán, kó lè gbé ohun tó bá ṣẹ́ kù pa dà sílé.

Àwọn tó ń dúró dè yín nílé máa yẹ báàgì wò lóòótọ́, pàápàá àwọn ọmọ. Àmọ́ kò sí bàbá tàbí ìyá tó máa fẹ́ gbọ́ pé owó tó yẹ kó wà fún oúnjẹ oṣù yẹn lẹ fi san kílò mẹ́wàá tó lé. Ẹ fún Màmá ní àǹkárá ọ̀pá mẹ́fà, ẹ fún àwọn ọmọ ní ṣokoléètì, kẹ́ ẹ wá jókòó sọ ìròyìn Accra fún wọn. Ìyẹn ò wọ̀n rárá.